Máàkì Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Èmùré

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàdọ́rin ni mí, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, nígbà tí wọ́n ní kí n wá bi àwọn ọ̀dọ́ ní ìbéèrè níbi ìdíje ìmọ̀ gbogboogbò kan ní Ìkẹ́rẹ́. Inú ìwé tí mo fi kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ṣa àwọn ìbéèrè náà. Mo dà wọ́n kọ sórí bébà tuntun, mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. N kò yẹ ọ̀kankan wò bóyá ó ṣì tọ̀nà.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo ní kí tàgbà tèwe kó fóònù wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí ẹnikẹ́ni má baà jí ìdáhùn wò. Nígbà tó yá, ó ku ọmọ méjì: ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan àti ọmọbìnrin kan láti Èmùré. Máàkì wọn dọ́gba, ó ku ìbéèrè kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú gbogbo agbègbè wa ní Adó.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ gba tirẹ̀. Mo kọjú sí ọmọ Èmùré.

"Orílẹ̀-èdè wo ló fẹ̀ jù lọ ní Áfíríkà?"

"Àlgéríà, mà."

"Rárá o. Sùdáànù ni."

Àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ hó yèè. Ọmọ náà kò jókòó.

"Wọ́n ti pín Sùdáànù sí méjì, mà. Oko kòkó tí wọ́n bá pín, ṣé kò ní kéré sí ti tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ gbọ́ ọmọ olóko!" ni ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn. "Ó fẹ́ kọ́ tíṣà níwèé!"

"Máa lọ sílé, ẹ̀gẹ́ ń dúró dè ọ́ kó o wá bó o!"

Inú bí mi. Mo wo tíṣà rẹ̀, ọkùnrin kan tí èmi fúnra mi kọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Irú ọmọ wo lo mú wá yìí?"

Ó dìde. "Kúnlẹ̀. Bẹ màmá."

"Sà, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé..."

"Mo ní kó o kúnlẹ̀!"

Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lójú gbogbo èrò. "Ẹ má bínú, mà." Ṣùgbọ́n ojú mi ló ń wò tààrà. Mo kéde ọmọ Ìkẹ́rẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń mú fóònù wọn, tíṣà náà dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó rọra sọ pé, "Mà, Àlgéríà ni."

"O mọ̀, o sì ní kó kúnlẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi, mà. Báwo ni n ó ṣe já yín nírọ́ láàárín èrò?"

Mo wò ó lórí fóònù mi. Òótọ́ ni. Mo lọ bá alága ìdíje.

"Mà, a ti kéde," ló wí. "Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n pè wá ní onímàgòmágó ni?"

Lọ́jọ́ kejì, mo gba àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ìyá ọmọ náà lọ́wọ́ tíṣà rẹ̀, mo wọ takisí lọ sí Èmùré. Ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ níwájú ilé. Ìyá náà kò fún mi níjòkòó. Mo ní ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.

"Ulé kọ́ lọmọ mi ti kúnlẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti dójú tì í." Ọmọ náà kò gbójú sókè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó èèyàn jọ láti sin ọmọ Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní ọmọ Èmùré ló tọ̀nà, èmi ni mo ṣì í. Wọ́n pòṣé sí mi. "Ìyá yìí fẹ́ bà wá lórúkọ jẹ́!" Ẹnì kan pa ẹ̀rọ náà. Mo fi ohùn ẹnu mi parí rẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ló lọ. Mo ti pe ìyá ọmọ Èmùré lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta; kò gbé e.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n: bí ọmọdé bá ní ohun tí ẹ sọ kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ná kí ẹ tó ní kó kúnlẹ̀.