Mo Ní Kí Wọ́n Gé Tíkẹ́ẹ̀tì Kánò fún Mi ní Tẹ́ṣàn Tó Ti Dahoro

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹsẹ̀ mi fojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ẹ má bú mi jù!

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mò ń ṣe ní Agbamu. Mo fẹ́ lọ wọn wíńdò oníbàárà kan ní Ganmo, Mútíátù sì bá mi lọ lórí ọ̀kadà. Ta ni Mútíátù? Ọmọbìnrin tí mo ti ń bẹ̀ pé kó fẹ́ mi ni. Ó ní òun ṣì ń wò mí ná, àmọ́ kí a tó délé lọ́jọ́ yẹn, òun máa fún mi lésì.

Nígbà tí à ń bọ̀, a rí tẹ́ṣàn rélùwéè àtijọ́ kan. Páànù rẹ̀ ti ṣí, igi ti hù láàárín irin. Mútíátù ní ká wọlé lọ wò ó. Ṣé kí n wá sọ pé ẹ̀rù ń bà mí ni? Mo ṣáájú, mò ń yan bí ọ̀gá tẹ́ṣàn!

A ya fọ́tò títí. Ìgbà tí a dé ibi fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, mo fẹ́ pa á lẹ́rìn-ín. Mo gbá fèrèsé náà gbàgbàgbà, mo ní, “Ọ̀gá, ẹ gé tíkẹ́ẹ̀tì Kánò méjì, fún èmi àti ìyàwó mi!”

Ohùn kan dáhùn látinú òkùnkùn: “Ọkọ̀ ti lọ o! Ẹ padà wá lọ́la!”

Wàllàhí, mi ò mọ bí mo ṣe dé ìdí ọ̀kadà. Bàtà mi kan ti bọ́. Mo fẹ́ ṣàdúà, “Bísímílà” nìkan ló ń jáde. Mo ti ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ kí n tó rí i pé ẹ̀yìn mi ṣófo.

Mútíátù dà?

Ojú tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Mo mú igi kan, mo padà sínú tẹ́ṣàn.

Ẹ wá wò ó! Òun àti ìyá àgbà kan ti jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé omi ń bọ́ lójú wọn. Gbodo ni Màmá máa ń sá sórí símẹ́ǹtì ibẹ̀. Yàrá tíkẹ́ẹ̀tì ló ń kó iṣu tó ti gbẹ sí, kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́; ibẹ̀ ló wà tó ti dá mi lóhùn. Ó wo igi ọwọ́ mi, ó ní, “Ọkọ ìyàwó, ṣé èmi lo fẹ́ fi ìyẹn lù?”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò parọ́ fún Mútíátù pé mo lọ pe èèyàn. Mo ní mo sá ni, mi ò tiẹ̀ rántí rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi.

“Ẹni tó ń sá pọ̀,” ló wí. “Ìwọ padà wá, tìwọ ti bàtà ẹyọ kan. Sọ fáwọn èèyàn rẹ kí wọ́n wá rí bàbá mi.”

Ah! Màmá ló kọ́kọ́ ké “Àlùhámdùlílàhì,” kí èmi náà tó ké e!

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀rù lè ba ẹnikẹ́ni. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ sá, ẹ kọ́kọ́ di ọwọ́ ẹni tí ẹ jọ wá mú. Ó ṣì ń dùn mí pé mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti sá fi sílẹ̀ rí? Ẹ sọ òótọ́ o, Mútíátù ń ka kọ́mẹ́ǹtì!