Obìnrin Tó Pe Ọkọ Rẹ̀ Sínú Òwúsùwusù

Kí Thirza tó wọ Skerrow, abúlé apẹja wa, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, kò sóhun tó ń bà á lẹ́rù nínú fọ́ọ̀gì. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Orí òkè ni wọ́n bí i sí, níbi tí òwúsùwusù ti máa ń jókòó sórí pápá bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Fọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pe òwúsùwusù yẹn, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í kúrò lẹ́nu wọn nílé bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá mutí yó, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, á ní fọ́ọ̀gì wà lórí òun. Bí ojú ìyá àgbà kò bá ríran dáadáa mọ́, wọ́n á ní fọ́ọ̀gì ti wọ̀ ọ́. Kódà, koríko tútù tó máa ń hù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ti àkọ́kọ́, fọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè é, inú wọn sì máa ń dùn láti pè é, torí bí màlúù bá ti wọnú rẹ̀, wàrà á ki, bọ́tà á sì pọ̀ nílé.

Skerrow tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Létí òkun níbí, bí ọkọ̀ ìpẹja bá ti fẹ́ kúrò létí omi, ẹnikẹ́ni kì í dá orúkọ yẹn. Ìyá Arúgbó là ń pè é. Bí Ìyá Arúgbó bá sì ti jáde, àwọn obìnrin á gbé páànù àti ìkòkò irin, wọ́n á tò sórí àpáta, wọ́n á máa lù ú kíkankíkan, kí àwọn ọkùnrin lè gbọ́ ibi tí ilẹ̀ wà. Lílù nìkan ni o. Lórí ilẹ̀, obìnrin lè pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kó tún bú u mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí o bá pe orúkọ èèyàn sínú Ìyá Arúgbó, o ti júwe onítọ̀hún fún un nìyẹn, á sì wá a kàn. Ta ló dá a sílẹ̀? Ẹ má bi mí. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó sọ fún Thirza. Cuthbert Renner tó fẹ́ ẹ, tí gbogbo wa ń pè ní Cuddy, ìfẹ́ ti gbà á lọ́kàn débi pé kò rántí kọ́ ìyàwó ní nǹkan kan. Kò tíì pẹ́ tó dé, ó gbé tíì ọkọ rẹ̀ lọ sétí omi láàárọ̀, bí wọ́n ṣe ń ti ọkọ̀ sómi lọ́wọ́. Ó wojú ọ̀run, ó sì fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé, "Cuddy, ó jọ pé fọ́ọ̀gì máa wà lónìí o!"

Ṣe ni ọwọ́ gbogbo wọn dúró. Wọn ò bá a wí. Wọ́n yí ọkọ̀ padà, wọ́n wọ́ ọ gòkè, ọkọ̀ yòókù sì tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó pẹja lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ oòrùn ràn títí dalẹ́, òkun sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Isbel, ìyá Cuddy, ń dúró de Thirza lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Arúgbó ló gba ọkọ Isbel lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Cuddy ṣì wà lọ́wọ́.

"Ta ló ní kó o lanu?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, mi ò mọ̀ ni."

"O ò mọ̀. Màlúù náà ò mọ̀. Ìdí tá a kì í fi í mú màlúù wá sétí òkun nìyẹn."

Àtìgbà náà ni wọ́n ti ní kó máa jókòó sínú ilé títí ọkọ̀ á fi lọ tán. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìjẹ há ìwọ̀, ìka rẹ̀ bó, ó jiná, ó tún bó. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ibi táwọn obìnrin ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ á parẹ́ lẹ́nu wọn. Ó dùn ún dọ́kàn.

"Bí kì í bá ṣe tìẹ ni, mi ò bá ti sá padà sórí òkè," ló sọ fún Cuddy.

"Dúró ná," ni Cuddy dáhùn, "jẹ́ kí n wá bàtà mi, ká jọ sá."

Ó rẹ́rìn-ín, kò sì sá. Ọ̀rọ̀ wọn wà bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ ti wọlé tán, àfi ti Cuddy. Ìyá Arúgbó sì jáde lójijì, ó bo òkun, ó bo àpáta, ó bo ọwọ́ tí èèyàn bá nà síwájú. Àwọn obìnrin gbé páànù. Thirza náà gbé tirẹ̀, ó lọ sí ìpẹ̀kun àpáta, níbi tí wọ́n máa ń fi í sí.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ fèrè tí Cuddy ń fun nínú ọkọ̀ rẹ̀ lójú omi. Ó kọ́kọ́ wá tààrà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í yà sápá òsì, níbi tí àwọn òkúta tá à ń pè ní Eyín wà. Ọkọ̀ tó bá ti bọ́ síbẹ̀, pákó rẹ̀ là ń ṣà. Gbogbo wọn ló gbọ́ ọ, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n wá túbọ̀ ń lu páànù bí ẹni pé òkun ni wọ́n ń nà. Ariwo yẹn ń lu ògiri òkè, ó ń padà wá, títí tó fi jọ pé ilẹ̀ wà níbi gbogbo.

Thirza ju páànù nù. Nílé wọn, bí màlúù bá sọnù sínú òwúsùwusù, bàbá rẹ̀ á pa gbogbo èèyàn lẹ́nu mọ́, àti ajá pàápàá, ẹni kan ṣoṣo tí màlúù yẹn mọ ohùn rẹ̀ ló máa pè é.

"Ẹ dákẹ́!" ló pariwo. "Ẹ ń da ojú ọ̀nà rú mọ́ ọn lójú!"

"Ta nìyẹn ń bá wí?" ni Phemie, obìnrin ilé kejì, bi í.

Thirza ti sáré dé ẹnu àlàfo tí ọkọ̀ máa ń gbà wọlé. "Cuddy! Cuddy Renner! Ibí ni mo wà o!"

Àwọn obìnrin figbe ta. Phemie fò mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ dí i lẹ́nu. "Ṣé o fẹ́ pa á ni?"

Thirza já ara rẹ̀ gbà, ó yíjú sí Isbel. "Ìyá, kò mọ èwo ló máa tẹ̀ lé nínú ariwo wa. Ẹ jẹ́ kí n pè é. Tí mo bá ṣì í, ẹ lé mi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n pè é."

Isbel dúró, páànù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fèrè tún dún, ó ti sún mọ́ Eyín gan-an.

"Phemie, fi ọmọ náà sílẹ̀," ni Isbel wí. "Gbogbo yín, ẹ dákẹ́."

Ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Thirza ń pè é, ó ń pè é, títí ohùn rẹ̀ fi ha, tí kò jáde mọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó gbìyànjú, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ìgbà náà ni ohùn mìíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, ohùn líle kan bí ilẹ̀kùn tí wọn kò ṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Cuddy! Cuddy, ọmọ mi!"

Isbel ni. Ó ti wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń gbà á lẹ́nu ara wọn, bó bá rẹ èyí, ìyẹn á pè é.

"Mò ń bọ̀!" ni ẹnì kan dáhùn láti inú funfun yẹn. "Ẹ má dákẹ́ o!"

Orí ọkọ̀ yọ jáde láàrin àlàfo, níbi tó yẹ kó gbà gan-an. Thirza wọ omi dé orúnkún lọ dì mọ́ ọn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Mo mọ ohùn tìẹ," ni Cuddy wí. "Ta ni ìkejì? Mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi."

Ìyá rẹ̀ fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́ láyà. "Òmùgọ̀! Ta ló tún fẹ́ pè ẹ́?" Ó bá jókòó sórí òkúta, ó ń sunkún. Thirza lọ jókòó tì í.

"Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ̀ lọ," ni Isbel wí fún un, "mo gbọ́ fèrè ẹ̀. Ó ń yà lọ, mo sì gbọ́ ọ dáadáa. Orúkọ ẹ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì, mo ń lu páànù."

Thirza sún mọ́ ọn. Ó kó ọwọ́ méjèèjì ìyá náà sínú tirẹ̀, wọ́n tutù bíi yìnyín. Nígbà tó yá, ó rọra bi í pé, "Kí lẹ máa ń pe ọkọ yín, Ìyá?"

"Rafe."

"Ẹ pè wọ́n."

Isbel wo ojú rẹ̀. Ó wá yíjú sí òkun, ó sì pe ọkọ rẹ̀, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà sókè. Cuddy ṣí fìlà lórí, ó bá a pe bàbá rẹ̀. Phemie náà gbé páànù rẹ̀ kalẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Lẹ́yìn náà, gbogbo obìnrin tó wà lórí àpáta bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn wọn tí Ìyá Arúgbó ti gbà lọ.