Bọ́ọ̀lù Tí Kò Kan Ilẹ̀

Ìró bọ́ọ̀lù nígbà tó bá wọ inú ìbọ̀wọ́ awọ dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ẹnu ìkòkò omi. Tí kò bá wọ inú ìbọ̀wọ́, wáyà tó wà lẹ́yìn ni yóò lọ lù, wáyà náà á sì máa gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀. Ìró méjèèjì yìí ni mo fi etí gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ọ̀fà, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, tí irun orí mi ṣì dúdú, tí mo sì rò pé ẹni tí bírò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣìnà.

Sọ́fúbọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wa ń gbá níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó fara balẹ̀, kò le. Ọmọ kan á ju bọ́ọ̀lù, ọmọ ẹgbẹ́ kejì á dúró pẹ̀lú igi láti gbá a, ọmọ kan tó lóṣòó sẹ́yìn onígi á sì mú èyí tí igi kò bá kàn. Èyí tó ń jù ú là ń pè ní ajubọ́ọ̀lù, èyí tó lóṣòó ni amúbọ́ọ̀lù. Tí bọ́ọ̀lù bá kọjá lára amúbọ́ọ̀lù, tí àwọn alátakò sì rí àyè sáré síwájú, akọ̀wé eré gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó jẹ̀bi. Èmi ni akọ̀wé. Bí bọ́ọ̀lù bá kan ilẹ̀ kó tó dé, tàbí tó gba ibi tí ọwọ́ kò lè dé, ẹ̀bi ajubọ́ọ̀lù ni, màá kọ W. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ọwọ́ lè mú láìsí wàhálà, ẹ̀bi amúbọ́ọ̀lù ni, màá kọ P. Rẹfurí kì í dá sí i. Ohun tí mo bá ti kọ, òun ló ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ìwé mi kì í sì í ṣe ìwé tí wọ́n ń gbé jù sí kọ̀rọ̀. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá eré wa á jókòó, á kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ tí W rẹ̀ bá pọ̀, á lọ máa ju bọ́ọ̀lù sára ògiri lẹ́yìn kíláàsì títí apá á fi ro ó. Ọmọ tí P rẹ̀ bá pọ̀, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò mú un lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí wọ́n wo ọwọ́ àti ojú rẹ̀, nítorí pé amúbọ́ọ̀lù kan ti fi ìka tó ṣẹ́ pamọ́ fún un rí.

Ọmọ ìlú Ojoku ni amúbọ́ọ̀lù wa lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Bàbá rẹ̀ ń ṣọdẹ, ó sì ń gbin iṣu. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Ọ̀fà. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bó bá ti lóṣòó tán, á máa fi onígi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn: “Sístà, ọmọrogùn lo mú wá yìí o. Ọkà lo fẹ́ rò ni?” Onígi á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀lù á sì ti kọjá. Ajubọ́ọ̀lù ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Èkìtì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní políì. Mo máa ń wò ó bí ọmọ tí ayé ti ṣe gbogbo nǹkan fún.

Lópin sáà náà, àwọn kan ń bọ̀ láti Ìlọrin wá mú àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù fún ìpínlẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú, ibẹ̀ ni yóò ti máa kàwé lọ. Àbúrò ìyá amúbọ́ọ̀lù wá bá mi nílé. Ó ní, “Ẹ dákun, tíṣà, bàbá rẹ̀ ti ní tí wọn ò bá mú un, kó padà wá sílé wá lọ́kọ.” Mo ní kó má ṣèyọnu.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nínú ọyẹ́, bọ́ọ̀lù kan wá tààrà síbi èjìká òsì amúbọ́ọ̀lù. Ọmọ náà kò gbé ọwọ́. Wáyà dún. Mo gbé bírò, mo rántí ilé ọkọ tó ń dúró dè é, mo kọ W. Mo rìn lọ sílé lọ́jọ́ náà bí ọba tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Mo tiẹ̀ bu ọbẹ̀ kún oúnjẹ mi.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a lọ. Kí sáà tó parí, mo ti kọ irú W bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá. Gbogbo rẹ̀ ló gba apá òsì. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, n kò bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀.

Ajubọ́ọ̀lù wá bá mi lọ́jọ́ kan. Òróró ìwọ́ra ń rùn lára rẹ̀, èjìká rẹ̀ ti wú nítorí ògiri tó ń ju bọ́ọ̀lù sí.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, bọ́ọ̀lù àná yẹn kò kan ilẹ̀.”

“Èwo nínú wọn?”

“Èyí tó kẹ́yìn, sà. Ó lọ bá a lára. Kò rí i ni, sà.”

Mo wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ṣé ìwọ ni nọ́ọ̀sì?”

“Rárá, sà.”

“Àbí ojú rẹ la ó máa fi kọ ìwé?”

Àwọn ọmọ tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà,” ó dìde, ó padà sídìí ògiri rẹ̀. Mo ń gbọ́ bọ́ọ̀lù bó ṣe ń lu ògiri náà, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, títí mo fi palẹ̀ mọ́.

Àwọn ará Ìlọrin dé, wọ́n ṣí ìwé mi, wọ́n mú amúbọ́ọ̀lù. Wọ́n fi ajubọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kò tún fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́, ọdún náà kò sì parí tí àwọn òbí rẹ̀ fi kó kúrò ní Ọ̀fà.

Kò tó oṣù kan tí amúbọ́ọ̀lù dé Ìlọrin tí ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù sí i láti apá òsì nígbà tí kò sí ìbòjú irin lójú rẹ̀. Kò tiẹ̀ yí orí. Etí ló ti bà á. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ ni wọ́n ti rí i pé omi inú ẹyinjú rẹ̀ ti ń ti iṣan ojú pa díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sáàárín. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè mú un wá ni, púpọ̀ nínú ìríran rẹ̀ ì bá ṣẹ́kù. Ojú òsì lọ. Nígbà tó ṣe, ọ̀tún náà tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí n tó lè lọ kí i. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni mo gun ọ̀kadà lọ sí Ojoku. Ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Mo wúkọ́ lásán ló ti mọ̀ mí.

“Ọ̀gá akọ̀wé! Ẹ káàbọ̀, sà.” Ó na àga sí mi, ó ń yọ̀. Ó ní, “Mi ò gbàgbé yín o. Lẹ́yìn gbogbo eré, mo máa ń yọjú wo ìwé yín. Mo ti ń rí òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi nígbà náà, ẹ̀rù á máa bà mí. Bí mo bá ti rí W tí ẹ kọ, ọkàn mi á balẹ̀ pé ojú mi kọ́. Ìyẹn ni mi ò ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni.”

N kò lè jókòó sórí àga náà mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un ní ìdúró. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí.

“Mélòó ni, sà?”

“Mọ́kànlá.”

“Ẹ ti sọ fún ajubọ́ọ̀lù?”

Mo ní n kò mọ ibi tó wà.

“Èmi lẹ wá bá, torí ẹ mọ ilé mi.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀ padà. “Ẹ wá òun náà lọ, sà.”

Kò ní kí n padà wá. N kò sì padà lọ. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ́kù ní políì, wọn kò rántí ìdílé náà. Ìwé náà wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti fi bírò pupa kọ P sórí W mọ́kànlá náà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀gá kankan tí yóò kà á lọ́jọ́ Ajé.

Ajubọ́ọ̀lù, bóyá ìwọ náà ti ní ọmọ tó ń ju nǹkan báyìí. Ibi yòówù kí o wà, bọ́ọ̀lù yẹn kò kan ilẹ̀. Mo rí i.