Tíṣà Tó Fẹ́ Ka Ará Ilé Wa

Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, tó gba yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní Ìjurìn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà, ṣùgbọ́n ó mọ ìdí tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà kò fi mọ ìṣirò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tó dé ló ti sọ ọ́ fún mi. Pákò ṣì wà lẹ́nu mi.

Ó ní, “Baba, ìṣirò ò le. Ìtìjú ló ń pa àwọn ọmọ. Tí ọmọ bá ṣì í lójú pátákó, gbogbo kíláàsì á fi í rẹ́rìn-ín. Fóònù ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn, fóònù kì í fi èèyàn rẹ́rìn-ín.”

Mo ní, “Fóònù kì í na èèyàn náà. Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́.”

Kíláàsì kẹrin ni èmi bá ìwé dé. Tíṣà tó kọ́ wa ní ìsọdipúpọ̀ ti kú. Mo mọ orúkọ rẹ̀, mo mọ ti bàbá rẹ̀, mo mọ ti ajá rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n pamọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń kí mi. Ẹgba ló fi kọ́ wa. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní méje lọ́nà mẹ́jọ, ìdí mi ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn. Mo sọ èyí fún ọmọ náà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ má bínú o, Baba. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Ìdí yín ló mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n.”

Ìyàwó mi ì bá fẹ́ràn rẹ̀. Òun ló máa ń gba ayálégbé sílé nígbà ayé rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló kú, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí Àlùjánńà, ó fi mí sílẹ̀ láàárín ìkòkò tí mi ò mọ èyí tó ni ìdérí wo.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀gá kan ń bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn láti wá wo bí tíṣà wa ṣe ń kọ́ni. Bí kò bá yege, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó wá pinnu láti dá bírà. Ó ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mú fóònù, kí wọ́n lọ káàkiri àdúgbò, kí wọ́n bi ilé kọ̀ọ̀kan pé èèyàn mélòó ló ń gbé ibẹ̀. Fóònù yóò fi iye wọn ya àwòrán olópòó, ilé kan òpó kan: ilé tí èrò bá pọ̀ sí, òpó rẹ̀ á ga.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n jáde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn ti padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ojú wọn rí bí ojú ẹni tí òjò pa. Ìyá kan fi ìgbálẹ̀ lé wọn jáde. Ó ní, “Ṣé ewúrẹ́ ni mo bí ni? Ẹ lọ ka uṣu yín lóko.” Ilé kan ní àwọn pọ̀. Òmíràn ní Ọlọ́run ló mọ̀. Alájì tó ń ra kòkó, tó ní ìyàwó mẹ́ta, ní òun nìkan ni. Ilé mi nìkan ló dá wọn lóhùn gidi. Mo ti sọ fún wọn pé méjì.

Tíṣà ní, “Baba, ṣé àwọn ará ìlú yìí ò mọ iye ara wọn ni?” Adó ló dàgbà sí.

“Wọ́n mọ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹni tó ń ka ọmọ ẹlòmíì, ó ń wo èyí tí yóò mú nínú wọn ni. Ebè là ń kà níbí, igba-igba. A ò ka èèyàn.”

“Láyé fóònù yìí?”

“Ikú náà ti ra fóònù.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀gá ń bọ̀. Òpó kan ṣoṣo ni mo ní, tiwa níbí.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, “Má bi wọ́n pé mélòó. Bi wọ́n pé ta ni. Àgbà tí kò ní jẹ́ kí o ka ọmọ òun á dárúkọ wọn fún ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí orúkọ bá ti wọ inú fóònù, kí ẹ lọ kà á ní kíláàsì. Ta ni yóò mọ̀?”

“Ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ ẹ̀tàn, Baba?”

“Ìṣirò ni.”

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá onígbálẹ̀ gbé ìjókòó fún wọn. Bàbá kan ki oríkì ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí iná fi tán nínú fóònù ọmọ tó ń kọ ọ́. Alájì dárúkọ gbogbo èrò inú yàrá ìyàwó rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sùn.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, tíṣà ń ka orúkọ náà sí mi létí kí n lè bá a yọ àwọn òkú àti àwọn ará Èkó kúrò. Ó dé ilé wa. Ó pe orúkọ mi, ó sì pe tirẹ̀ tẹ̀ lé e.

Mo ní, “Ta ló ní kí o fi orúkọ ara rẹ síbẹ̀?”

“Ẹ̀yin lẹ sọ pé méjì, Baba. Mo rò pé èmi ni ẹnì kejì.”

“Ìwọ kọ́.”

Ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ibi tí sálúbàtà ìyàwó mi ṣì wà. Ó yé e. Ó ní, “Ṣé kí n yọ tèmi kúrò?”

Bí ó bá yọ ọ́, ọ̀kan ló kù. Èmi náà mọ ìyẹn, ìyọkúrò kò nílò ẹgba. Mo ní kó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó yege. Ọ̀gá náà kò tilẹ̀ wo òpó ilé mi. Ti Alájì ló ń wò, ó ń bi wọ́n bóyá ilé ìtura ni. Oṣù tó ń bọ̀ ni tíṣà máa padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹni tó bá tún fẹ́ bi mí pé mélòó la jẹ́, kó yáa tètè wá kí ọmọ náà tó lọ.