Ìkọ́kọrẹ Tí Mo Fi Gba Sátidé Mi

Òórùn aṣọ tí àyọ́ọ̀nù eléèédú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ ni òórùn Sátidé nílé wa ní Yábàá. Kí àkùkọ tó parí ẹjọ́ rẹ̀, Bàbá ti wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń fẹ́ èédú, eérú ń fò lọ sórí aṣọ tí àwọn ará ilé kejì sá, wọ́n sì ń lọ ṣòkòtò kákí péńpé wọn títí ojú ìlà rẹ̀ á fi mú bí abẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí ṣòkòtò yẹn: èyí tó gbòòrò nísàlẹ̀ bí agboòrùn, tí ẹsẹ̀ tín-ín-rín méjì á wá yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá tiyín náà wọ̀ ọ́.

Tíṣà ni Bàbá mi ní iléèwé ṣọ́ọ̀ṣì kan. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ẹgba àti ìṣirò ni. Ṣùgbọ́n bí Sátidé kan bá pé lóṣù, wọn a di ẹlòmíràn. Wọn a kó èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ó di ìrìn. Àwọn ìlú tó yí Èkó ká ni wọ́n fẹ́ràn, èyí tí ènìyàn lè jí lọ, kó sì padà délé kí oòrùn tó wọ̀. Ohun méjì péré la ń bá lọ: ká wo ohun tí ará ìlú náà fi ń yangàn, ká sì jẹun níbi tí ará ìlú ti ń jẹun. Bàbá a máa wí pé, "Ìlú tí o kò bá jẹun níbẹ̀, o ò tíì débẹ̀, o kàn gba ibẹ̀ kọjá ni."

Iṣẹ́ tíṣà kì í kúrò lára ènìyàn, kódà ní Sátidé. Bàbá a mú ìwé pélébé kan dání, pẹ̀lú gègé àti ìgò yíǹkì pupa tí wọ́n fi àkísà wé. Bí a bá jẹun tán, wọn a fún olóúnjẹ ní máàkì. Mo ṣì rántí ohun tí wọ́n kọ fún obìnrin kan ní Ọ̀tà: "Ẹ̀wà: mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n òkúta ń bẹ níbẹ̀." Ti bùkà kan ní Ifọ̀, tí a wọ rélùwéè lọ, kò dára rárá: "Ìrẹsì: mẹ́ta. Kò kọbi ara sí iṣẹ́ rẹ̀." Ní Abẹ́òkúta, a gun Àpáta Olúmọ. Ẹ̀gbọ́n mi Délé jókòó sí ìdajì ọ̀nà, ó ní òun ń wo ojú ọjọ́. Èmi gun un dé òkè, mo sì wo orí rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọdún mẹ́ta péré ni Délé fi jù mí, ṣùgbọ́n ó ń gba "Bọ̀dá" lọ́wọ́ mi bí ẹni ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìwé tèmi nìyí, Délé lásán ni n ó máa pè é.

Màmá ni kò fẹ́ràn ìrìn wa. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, aránṣọ ni wọ́n, ilé ìdáná wọn sì ní òfin bí ilé ẹjọ́. Òfin àkọ́kọ́ ni pé kókó kò gbọdọ̀ sí nínú ohunkóhun tí a bá rò. "Kókó nínú ẹ̀kọ, àbùkù nínú ilé," báyìí ni wọ́n ń wí. Bí mo bá po ẹ̀kọ mímu láàárọ̀, tí kókó kan ṣoṣo yọ nínú rẹ̀, Màmá a fi ṣíbí gbé e sókè, wọn a sì pè mí pé, "Dúpẹ́, wá kí àlejò rẹ." Mo ti kúnlẹ̀ kí kókó rí. Mo bi í léèrè ará ilé rẹ̀.

Ní ọdún tí mo pé mẹ́wàá, ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè kan, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí Màmá dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Bàbá Délé, bẹ́ẹ bá ń lọ lọ́la, Délé nìkan ni kẹ́ẹ mú. Dúpẹ́ ti tó ẹni tí yóò máa wà nílé ìdáná ní Sátidé."

"Kí ló ṣe?" ni Bàbá bi wọ́n.

"Ó ti jẹun ní ìlú mẹ́fà, kò mọ oúnjẹ kan ṣoṣo sè dáadáa. Ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ kiri, ta ni yóò jẹ tirẹ̀?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni. Délé yọjú láti ẹnu ọ̀nà, ó rọra wí pé, "Pẹ̀lẹ́ o, ìyàwó ilé." Mo tẹ orí ba ẹ̀wà, omijé ń kán sínú igbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Sátidé yẹn jẹ́ fún mi. Gbogbo ọmọbìnrin tó wà ní àdúgbò wa, láti ilé dé ọjà ni, láti ọjà dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé kéwú. Èmi nìkan ló mọ bí èéfín rélùwéè ṣe ń rí lójú afẹ́fẹ́ ní Ifọ̀. Bí wọ́n bá gba ìyẹn, kí ló kù tí mo fi ju ẹlòmíràn lọ? Imú ni?

Bàbá ronú títí. Wọ́n wá sọ pé, "Ìyá Délé, jẹ́ kó bá wa lọ lẹ́ẹ̀kan yìí. Bó bá kọ́ oúnjẹ kan bọ̀ tí ìwọ alára kò mọ̀ ọ́n sè, tó sè é níwájú rẹ, tí o sì jẹ ẹ́ tán, kó máa bá wa lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ilé ìdáná."

Màmá rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Oúnjẹ wo ló wà láyé yìí tí èmi ò mọ̀ ọ́n sè? Ó dáa. Ẹ máa lọ."

Ìkòròdú la lọ. Nínú bólẹ̀kájà, ewúrẹ́ kan gbé orí lé ẹsẹ̀ mi láti Kétu títí a fi dé, n kò tilẹ̀ lé e. Àdúrà ni mò ń gbà. Bùkà tí wọ́n júwe fún wa wà nítòsí èbúté, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Ìyá Rábí ló ni ín: obìnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn tó wé ìborùn, tí ohùn rẹ̀ tó láti pe ọkọ̀ ojú omi padà. Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ síwájú wa. Ewùrà ni, tí wọ́n rin, tí wọ́n dá sínú ọbẹ̀ ata tó kún fún epo pupa, edé àti ẹja àrọ̀ yíyan. Ó pupa fòò, ó ń gbóná, ó sì rọ̀ lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ ìyànjú; àdúrà kò jẹ́ kí n wo ohun tí mò ń gbé mì. Bàbá jẹ ẹ́ tán, wọ́n ti gègé bọ yíǹkì, wọ́n kọ "mẹ́sàn-án". Ẹnikẹ́ni kò tíì gba mẹ́sàn-án rí.

Mo ti wà lórí eékún níwájú Ìyá Rábí. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, mo fẹ́ kọ́ ọ."

"Ọmọ Èkó! Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ro gbogbo ẹjọ́ mi, n kò fi ìkankan pamọ́. Wọ́n fi ọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìyá rẹ ò mọ ìkọ́kọrẹ sè?"

"Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, Mà."

"Háà! A ò ní bá wọn wí. Dìde, bọ́ sẹ́yìn ìkòkò. A kì í fi ẹnu kọ́ èyí."

Bàbá àti Délé lọ wo èbúté, níbi tí ọkọ̀ ti ń kó ẹja àti igi ìdáná gúnlẹ̀. Èmi tí mo ti ń lá àlá ọkọ̀ yẹn láti oṣù tó kọjá, ariwo àwọn atukọ̀ nìkan ni mo gbọ́. Mo ń rin ewùrà lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Kò pẹ́ tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi bí ẹni tó bá wèrèpè ṣeré. Ìyá Rábí da epo sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n fi pa á, kí n má sọkún sínú oúnjẹ ẹlòmíràn.

Wọ́n dá ewùrà náà sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ní ìwọ̀n ìwọ̀n, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ọ, wọ́n sì jáde lọ dá oníbàárà lóhùn. Mo wo inú ìkòkò. Kí ni mo rí? Kókó! Kókó ńlá ńlá, ó tó ogún! Ẹ̀rù bà mí. Ọmọ tí Màmá mi tọ́, ṣé yóò rí kókó kó má ṣe nǹkan sí i? Mo fa orógùn yọ, mo rò ó, mo fi gbogbo agbára mi rò ó, títí ó fi jọ̀lọ̀ bí ojú dígí. Mo ń retí ìyìn.

"Yéè! Ta ló rán ẹ wá bá mi?" Ìyá Rábí ti dé. "Ẹ wá wo ọmọ Ọ̀yọ́ o! Ó ti sọ ìkọ́kọrẹ mi di ògì!"

Gbogbo bùkà bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà kan tó ń jẹun lọ́wọ́ ní kí wọ́n bá òun fi ìgò bu tèmi, kí òun gbé e lọ fún ọmọ tó ń já lẹ́nu ọmú. Mo rò pé wọn yóò lé mi. Dípò bẹ́ẹ̀, Ìyá Rábí fà mí mọ́ra, wọ́n ti ewùrà mìíràn sí mi lọ́wọ́. "Gbọ́. Kókó rẹ̀ ni ẹwà rẹ̀. Bí o bá ti dá a sínú ọbẹ̀, dé e, kí o jókòó. Ó dìgbà tó bá jinná kí o tó rọra yí i lẹ́ẹ̀mejì péré. Ọwọ́ tí kò lè jókòó kò lè se ìkọ́kọrẹ." Mo sè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì, mo jókòó lé wọn ní tòótọ́, títí wọ́n fi ní ó tó.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà ni ọjọ́ ìdánwò. Bàbá ra ewùrà bọ̀ láti Ọyìngbò. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, Délé sì dúró lẹ́yìn wọn bí ọlọ́pàá. Mo fi epo pa ọwọ́, mo rin ewùrà, mo dá a sínú ọbẹ̀ ní ìwọ̀n ìwọ̀n. Mo dé ìkòkò, mo fà sẹ́yìn.

"Kí lo ń wò?" ni Màmá wí.

"Mò ń dúró dè é ni, Mà."

"O ń dúró dè é? Ṣé òun ni yóò ro ara rẹ̀?" Wọ́n wọlé, wọ́n ṣí ìdérí. "Ye! Dúpẹ́! Gbogbo ìlú kókó lo kó wá sílé mi yìí!"

Kí n tó mí, orógùn ti wà lọ́wọ́ wọn, ó ti dé ẹnu ìkòkò. Mo na ọwọ́, mo di ọrùn ọwọ́ ìyá mi mú.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ohun tí mo ṣe yìí. Nígbà tiwa, ọmọ kì í wo àgbà lójú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Délé fi ẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ògiri.

"Dúpẹ́. Ọwọ́ mi lo dì mú?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Kókó rẹ̀ ni ẹwà rẹ̀. Bẹ́ẹ bá rò ó báyìí, ó bàjẹ́ nìyẹn, mi ò sì ní lè lọ mọ́ láéláé."

N kò tíì jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Epo ọwọ́ mi ti ta sí wọn lára. Màmá wo ọwọ́, wọ́n wo ojú mi.

"Bó bá wá bàjẹ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Mà á máa wà nílé."

"O wí i o."

Wọ́n gbé orógùn sílẹ̀. Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n sì ń ṣọ́ ìkòkò yẹn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Nígbà tó jinná, mo rọra yí i lẹ́ẹ̀mejì, mo bù ú.

Màmá mú kókó kan sẹ́nu pẹ̀lú ojú ẹni tí ń lo egbòogi. Wọ́n dúró. Wọ́n mú èkejì. Wọ́n mú ẹ̀kẹta. Bàbá rọra ń tú àkísà ara ìgò yíǹkì.

"Ẹ dé yíǹkì yín," ni Màmá wí, wọn kò gbójú sókè. "Èmi ni wọ́n sè é fún."

Wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi ku orí ẹja àrọ̀ nínú àwo wọn. Ẹ rántí pé orí ẹja kì í ṣe ti ọmọdé nílé wa. Màmá gbé e sókè, wọ́n sì gbé e sínú àwo mi.

"Fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Má jẹ́ kí ohunkóhun kù lára rẹ̀."

Délé ń wo orí ẹja náà bí ẹni tí wọ́n pín ogún bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo fa gbogbo egungun, mo sì ń wò ó títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Ní Sátidé tó tún pé, a ti fẹ́ jáde lọ sí Agége nígbà tí Màmá bọ́ síta pẹ̀lú gèlè lórí. "Ẹ dúró dè mí," ni wọ́n wí. "Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọmọ yìí, kó má lọ máa di ọwọ́ olóúnjẹ mú kiri."

Mo ti lé ní ogójì ọdún dáadáa báyìí. Mo ní mọ́tò tèmi, mo ti jẹun láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìlọrin, kò sì sí ẹni tó ń bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Síbẹ̀, lóṣù tó kọjá, ọmọdébìnrin kan gbé ìrẹsì tútù síwájú mi nílé oúnjẹ kan. Mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí n kò fẹ́ wàhálà. Ẹ rí mi bí? Mo ga ju Dúpẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, mo kàwé jù ú, Ọlọ́run sì mọ̀ pé mo sanra jù ú. Ṣùgbọ́n bó bá di ti ìgboyà, ọmọ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló jà gba ọ̀nà. Èmi kàn ń rìn ín ni.