Àpótí tó Kọ̀ Láti Jókòó Lórí Bébà

Òórùn igi ọ̀gànwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá ni mo fi mọ ilé wa ní Kemta. Ìwọ náà á mọ̀ ọ́n bí o bá gbé nítòsí káfíńtà rí: ó dùn, ó sì ń ta díẹ̀ nímú, bó bá ti wọ aṣọ báyìí, ọṣẹ kì í tètè lé e lọ. Káfíńtà ni bàbá mi. Abẹ́ páànù tó wà níwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn, àpótí aṣọ ni wọ́n sì ń kàn jù. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí a ṣe ń yẹ igun àpótí wò. A ó gbé irin onígun tí àwọn káfíńtà ń pè ní súkúyà lé e. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ láàárín irin àti igi, igun ò pé nìyẹn, títú ló kù. Èmi ni mo máa ń bá bàbá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Màá yí àpótí po, màá wo iwájú, màá wo ẹ̀yìn, màá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, kí n tó sọ pé, "Ó pé, Bàbá." Bí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í tún un yẹ̀ wò mọ́.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ò tíì pé ọdún márùn-ún nígbà tí mo wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tó ń ta aṣọ, ti ní kí n wá bá òun jókòó ní ìsọ̀, pé ọjà ni wọ́n bí wa sí. Bàbá mi kọ̀. "Ọmọ yìí lójú iṣẹ́," wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ó lọ kọ́ ọ dójú àmì, kó wá máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ." Ọ̀rọ̀ yẹn le díẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì, nítorí náà, bí mo ṣe yan àwòrán yíyà níbẹ̀, mo mọ̀ pé kì í ṣe orí ara mi nìkan ni mo gbé e lé.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ ìdílé ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí kì í gbóhùn sókè, ni tíṣà àwòrán wa. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n gbé páálí mílíìkì òfìfo kan sórí tábìlì, wọ́n gba rúlà lọ́wọ́ gbogbo wa, wọ́n ní ká fọwọ́ lásán yà á. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Páálí! Èmi tí wọ́n bí sínú àpótí! Mo ya iwájú rẹ̀, mo ya ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo ya ẹ̀gbẹ́ òsì, mo ya orí rẹ̀, gbogbo wọn bára dọ́gba régé. Tíṣà dúró lẹ́yìn mi, wọ́n wò ó títí.

"Níbo lo dúró sí tó o ti rí gbogbo èyí?"

"Ibí yìí náà ni, mà."

"Láti orí àga yẹn, o rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì?"

"Mo mọ̀ pé wọ́n wà ńbẹ̀, mà."

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. "Ohun tójú rẹ rí ni kó o yà," wọ́n wí. "Má ya ohun tó o mọ̀." Wọ́n wá fa ìlà kan gbọọrọ sójú pátákó, wọ́n ní bí ojú ẹni ṣe ga tó nìyẹn. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì róbótó kékeré kan sórí ìlà ọ̀hún, wọ́n ní gbogbo etí páálí tó bá ń lọ kúrò lọ́dọ̀ wa, ibẹ̀ ló forí lé, bó bá sì ṣe ń jìnnà sí wa ni yóò máa kéré sí i.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ nígbà tí mo kó wọn pọ̀, wọn ò yé mi. Páálí tí ẹ̀yìn rẹ̀ kéré ju iwájú lọ, páálí tó bàjẹ́ ni. Mo tún wo èyí tó wà lórí tábìlì. Mo wò ó títí omi fi ń bọ́ lójú mi, mo sì fi gbogbo ara rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ àti iwájú rẹ̀ dọ́gba. Àwọn tó wà lọ́tùn-ún lósì mi ti ń yà á bí tíṣà ṣe wí, páálí tiwọn jókòó jẹ́ẹ́ sórí bébà. Ó wá ń ṣe mí bíi pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ayé lọ́jọ́ tí èmi ò sí nílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi yà á. Mo ya páálí, mo ya búlọ́ọ̀kù, mo ya páálí ṣúgà onígun mẹ́rin. Mo ya agolo, ìyẹn ló tún wá dà á rú mọ́ mi lójú pátápátá: ẹnu agolo tí mo ń fọwọ́ kàn pé ó rí roboto, tíṣà ní kí n yà á bí ẹyin tó dùbúlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, màá gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé tí a ń sùn ní ilé-ẹ̀kọ́, màá máa wo òrùlé páànù tó dípẹtà tí wọ́n tò lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀, bóyá màá rí ibi tí wọ́n ti ń kéré. Òrùlé ni mo ń rí. Mo mọ̀ pé ilé àwọn èèyàn ni, pé wọ́n tóbi, pé èèyàn mẹ́wàá lè sùn síbẹ̀, báwo ni n óò ṣe yà wọ́n bí ìṣáná? Nígbà tí mo bá gbìyànjú òfin tíṣà, màá rántí rẹ̀ lápá kan, màá gbàgbé rẹ̀ lápá kejì, àpótí mi á wá dà bí èyí tí ewúrẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo fi kílínà pa bébà rẹ́ títí ó fi lu.

Tíṣà pè mí lọ́jọ́ Jímọ́. "Bí páálí yìí ò bá tíì jókòó lórí bébà rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá ní láti gbé ọ lọ sí kíláàsì iṣẹ́ àgbẹ̀. Kì í ṣe ìyà o. Mi ò fẹ́ kó o fi ọdún mẹ́ta ṣòfò ni." Ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí jù.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sílé. Mo jókòó níwájú àpótí ìyàwó kan tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán, mo ń yà á bí wọ́n ṣe kọ́ mi: mo jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, mo jẹ́ kí etí rẹ̀ dà sí apá kan. Bàbá mi bọ́ sẹ́yìn mi. Wọ́n mú súkúyà, wọ́n gbé e lé bébà mi.

"Igun yìí ò pé." Wọ́n sún irin. "Èyí náà ò pé. Àpótí ta nìyí?"

"Tiyín ni, Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n wọn tó yà kí wa bú sẹ́rìn-ín. "Ó dà bíi pé ìyàwó ti fìdí tẹ̀ ẹ́ kó tó délé ọkọ!"

Ojú bàbá mi yí padà. "Ṣé wọ́n ń kọ́ ẹ nírọ́ níbẹ̀ ni? Iṣẹ́ wíwọ́ kọ́ ni mo rán ẹ lọ kọ́." Mo fẹ́ ṣàlàyé, àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń ṣàlàyé ohun tí kò yé òun fúnra rẹ̀?

Lọ́jọ́ Ajé, a wà nínú kíláàsì nígbà tí mo rí bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, nínú búbá funfun, wọ́n fi ìwé ìròyìn àtijọ́ wé súkúyà sí abíyá. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Èmi ni bàbá ọmọbìnrin yẹn."

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn."

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo wá bi yín. Láti kékeré ni mo ti ń kan àpótí. Ẹ sọ fún ọmọ mi pé ẹ̀yìn àpótí kéré ju iwájú rẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ti rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ rí?"

Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí ẹ bá fá pákó tán, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé kò wọ́?"

"Èyí ò le." Pákó gígùn kan wà tí wọ́n fi ti ògiri. Bàbá mi gbé orí rẹ̀ kan sí ìdí ojú, wọ́n di ojú kejì, wọ́n wò ó lọ gbọọrọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, sà. Ìbú ìpẹ̀kun ọ̀hún àti ìbú ti ọ̀dọ̀ yín, èwo ló tóbi lójú yín?"

Bàbá mi wo ìpẹ̀kun ọ̀hún, wọ́n wo ti ọ̀dọ̀ wọn. "Tọ̀hún kéré."

"Ṣé bí wọ́n ṣe fá a nìyẹn?"

"Rárá. Ọgbọọgba ni." Wọ́n sọ pákó kalẹ̀. Wọ́n tún gbé e sójú. Wọ́n wá rọra fi í ti ògiri, wọ́n ṣí fìlà lórí. "Mi ò mọ̀," wọ́n wí, níwájú ogún ọmọbìnrin tí wọ́n lè bí. "Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ni mo ti ń rí i. Mi ò mọ̀ pé mò ń rí i."

Wọ́n tọrọ bébà. Wọ́n jókòó sórí àga kékeré wa, eékún wọn ga dé àyà, wọ́n ya páálí orí tábìlì. Ìlà wọn nípọn, àmọ́ páálí yẹn jókòó. Tíṣà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa. Wọ́n kọ̀, wọ́n ká a sápò, wọ́n kí wa, wọ́n lọ.

O lè rò pé ó yé mi lọ́jọ́ náà. Kò yé mi. Ńṣe ló tún rú mi lójú sí i. Mo lọ gbé pákó yẹn sójú lẹ́yìn kíláàsì, pákó ọgbọọgba ni mo ń rí. Ohun tó yé bàbá mi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi tí mò ń sùn tì í, kò yé mi. Mo jowú wọn, mo sì tún ń tijú pé mò ń jowú bàbá mi.

Èèyàn ò retí mi nílé ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, àmọ́ mo lọ. Ojú oorun ọ̀sán ni gbogbo ilé wà. Bàbá mi ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n gbé àpótí kan sórí tábìlì iṣẹ́, wọ́n ní kí n máa yà á. Wọ́n ń wò mí, wọn ò wo bébà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Orí rẹ ń rìn."

"Bíi ti báwo, Bàbá?"

"Ò ń yọjú wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, o tún ń padà. O tún yọjú wo òkè. Ò ń yẹ̀ ẹ́ wò fún mi ni." Wọ́n bọ́ sẹ́yìn mi, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Àtẹ́lẹwọ́ wọn le bí èèpo igi. Wọn ò fọwọ́ kàn mí lójú bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti dàgbà. "Má yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ó pé. Èmi ni mo kàn án. Wò ó níbi tó o wà."

Orí mi ò lè yí. Mo wò ó níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni etí àpótí yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lọ, bí ìgbà tí omi bá ń fà kúrò lórí iyanrìn. Mo yà á. Ó wọ́ díẹ̀, ìlà kan gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àmọ́ ó jókòó. Tíṣà wò ó lọ́jọ́ kejì, wọ́n da orí rẹ̀ kodò wò, wọ́n ní, "Ó dáa. Dúró sí kíláàsì yìí."

Inú mi dùn, àmọ́ kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Bí mo ṣe ń wo àpótí yẹn lórí bébà, àwọn ẹ̀gbẹ́ tí kò hàn níbẹ̀ ń ṣe mí bí ohun tó sọnù. Mo mọ̀ pé wọ́n wà, mo sì ti gbà láti má yà wọ́n. Títí di òní, mi ò lè sọ ní pàtó bóyá ohun tí mo rí gbà lọ́jọ́ yẹn ju ohun tí mo fi sílẹ̀ lọ.

Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní àwòrán láti ìgbà yẹn, bàbá mi sì ti lọ. Ìtìjú tó mú mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ọjọ́ Ajé yẹn ni mo kọ́kọ́ ń rántí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n jáde nílé láti wá bá èèyàn jà nítorí ọmọ rẹ̀. Ó lè jà. Ó lè bínú lọ sílé, kó mú mi dání, kò sẹ́ni tí yóò bá a wí. Ó ṣí fìlà, ó ní òun ò mọ̀, ó sì jókòó sórí àga àwọn ọmọdé láti kọ́ ọ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún, mo rò pé bàbá mi dójú tì mí. Ní báyìí tí mo ti dàgbà tó wọn nígbà yẹn, èmi náà ti gbìyànjú láti sọ pé mi ò mọ̀ níwájú àwọn ọmọ tèmi, mo sì ti mọ bó ṣe wúwo tó lẹ́nu.