Bí Mo Ṣe Gbé Bàbá Mi Sórí Tẹlifíṣọ̀n

Ní ọ́fíìsì wa ní Àkúrẹ́, èmi ni wọ́n máa ń pè tí kọ̀ǹpútà bá dákú. Mo máa ń pa á, màá tún un tàn, wọn á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe di ọ̀gá nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi pè mí láti Oǹdó pé òun fẹ́ rí ojú bàbá mi, kíá ni mo ní kò sí wàhálà.

Bàbá mi ti kú. Fídíò kan ṣoṣo tí a ti lè rí i kó máa sọ̀rọ̀ ni èyí tí wọ́n yà ní pálọ̀ àwọn òbí mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi, inú láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́ ló sì wà. Láti ìgbà tí a ti sin ín, kò sí ẹni tó láyà láti ṣí i. Láptọ́ọ̀pù náà ti darúgbó: ojú rẹ̀ ti ṣú, ihò tí à ń ki fláàṣì sí kò sì gba nǹkan kan mọ́. Ojú ìyá mi náà ń ṣú. Dókítà ti sọ fún un pé èyí tó ti lọ níbẹ̀ kò ní padà.

"Gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ńlá yìí fún mi," ló wí, "nígbà tí mo ṣì ń ríran."

Àwa ọmọ la ra tẹlifíṣọ̀n náà fún un. Láti ọjọ́ yẹn ló ti fi aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó, tó sì wé rímóòtù rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ihò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n náà pẹlẹbẹ. Ti láptọ́ọ̀pù mi fẹ̀, ó kún fún ojú abẹ́rẹ́. Àdápítọ̀ nìkan ló lè so wọ́n pọ̀. Mo ra ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, mo wo ẹnu rẹ̀ méjèèjì, ó bára mu, mo forí lé Oǹdó.

Gbogbo rẹ̀ wọlé wẹ́kú. Tẹlifíṣọ̀n sì kọ ọ́ sójú pé òun kò rí nǹkan kan.

"Ṣé òun náà ò ríran ni?" ìyá mi bi mí.

Àṣé ọ̀nà kan ni àdápítọ̀ ń gbà. Èyí tí mo rà ń gbé àwòrán láti ara kọ̀ǹpútà tuntun lọ sí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Òdìkejì ni mo nílò. Mo dà bí ẹni tó ń lọ Oǹdó, tó lọ wọ ọkọ̀ Ọ̀wọ̀, tó tún ń gbádùn atẹ́gùn lọ́nà.

"O kú iṣẹ́ o, ọ̀gá kọ̀ǹpútà," ni ìyá mi fi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

Mo padà wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e pẹ̀lú èyí tó tọ́. Ìyá mi ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò bọ́ṣọ. Ó ti kun pàúdà, ó sì lé tìróò.

"Màámi, torí tẹlifíṣọ̀n lẹ ṣe múra báyìí?"

"Ọkọ mi ni mo fẹ́ rí."

Àwòrán yọ. Bàbá mi dúró láàárín pálọ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ, a ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ọjọ́ tí mo wá fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ló dákẹ́," ìyá mi wí.

Mo rí wáyà ohùn, mo tì í bọ ihò, mo dá fídíò náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn bàbá mi kún inú ilé: "Ẹ jẹ́ kí a di ojú wa, kí a gbàdúrà."

Ìyá mi dijú pinpin. Èmi náà dijú. Bàbá Ìjọ ni bàbá mi, ọmọ tó bá lajú nígbà àdúrà nínú ilé yẹn, ìkó á balẹ̀ lórí rẹ̀. Àdúrà náà kan gómìnà, ó kan bíṣọ́ọ̀bù, ó yà sọ́dọ̀ àwọn tó wà lójú ọ̀nà. A ṣe àmín, a lajú. Fídíò ti tán.

"Màámi, ẹ ò wò ó!"

"Ìwọ wò ó? Bàbá rẹ ní ká dijú!"

A rẹ́rìn-ín títí tìróò rẹ̀ fi ṣàn. Ó nu ojú rẹ̀. "Tún un fi sí i. Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà yẹn. Èmi fẹ́ wòran."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Nínú fídíò, gbogbo èèyàn tẹríba. Bàbá mi, ẹni tó ń fi ìkó lù wá lórí, lajú sílẹ̀ kedere. Ó ń gbàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò, ibì kan ṣoṣo ló sì ń wò: igun tí ìyá mi jókòó sí, tó tẹ gèlè rẹ̀ ba, tó ń ṣe àmín. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wò ó títí àdúrà fi ń parí lọ, ó wá yára dijú, kó lè là á pẹ̀lú àwọn yòókù.

Ìyá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn," ló wí, "ojú mi ni mo dì."

Ó tún fa àga náà sún mọ́ iwájú. "Tún un fi sí i."